Ohun Tó Ń Gbọ̀n Nínú Mọ́tò Ẹlẹ́yin

Ìfura loògùn àgbà. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, kò sí àgbà tó lóògùn tó mi ní gbogbo àdúgbò yìí. Bí ẹnì kan bá kí mi lónìí ju bó ṣe kí mi lánàá lọ, ọwọ́ rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ wò kí n tó dáhùn. Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí mi ni mo ti jogún rẹ̀: tí a bá bu omi fún un, á ní kí ẹni tó bù ú wá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Nítorí náà, bí mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ ọkọ mi yìí, kí ẹ ti mọ̀ pé ẹni tó ń sọ ọ́ kì í tètè gba nǹkan gbọ́. Tó bá wà níwájú mi, ẹ̀yin ni mò ń pè é, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tí wọ́n kọ́ nílé. Tó bá ti kẹ́yìn sí mi, ohun tí mo bá rí ni mò ń pè é.

Mẹkáníìkì ni. Elétí Ehoro ni gbogbo ènìyàn ń pè é, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti àlejò. Mọ́tò á ṣì wà lórígun òpópónà, kò tíì yà sínú ọgbà wa, ọkọ mi á ti sọ lórí àpótí tó jókòó lé pé, pọ́lọ́ọ̀gì kan ti kú nínú èyí tó ń bọ̀ yẹn. Ẹni tó ni mọ́tò á dé, á fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé, á rí i pé pọ́lọ́ọ̀gì ti wà lọ́wọ́ Elétí Ehoro. Tó bá fẹ́ gbọ́ inú ẹ́ńjìnnì yékéyéké, ó ní tọ́náfíìsì gígùn kan tí èèkù rẹ̀ jẹ́ igi. Á fi ẹnu irin náà kan ara ẹ́ńjìnnì, á fi èèkù rẹ̀ sétí, á dijú bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ àṣírí fún. Tó bá fi máa lajú, ó ti mọ̀ ọ́n.

Tẹlọ ni èmi. Ọgbà kan náà la jọ wà. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lápá ọ̀tún, tiẹ̀ wà lápá òsì, fọganáísà tó ń lẹ taya wà lẹ́nu géètì. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi, èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ irin pọ́nńbélé, kọjú sí fèrèsé, fèrèsé náà kọjú sí ọkọ mi. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Kì í ṣe pé mò ń ṣọ́ ọ o. Ìmọ́lẹ̀ ló dára níbẹ̀.

Nínú gbogbo iṣẹ́ mọ́tò, gbígbọ̀n ló ń dá àwọn mẹkáníìkì lágara jù. Mọ́tò tó kú, o mọ̀ pé ó ti kú. Èyí tó ń gbọ̀n, gbogbo ara rẹ̀ ló ń gbọ̀n, ta lo fẹ́ mú? Ẹlòmíràn á pààrọ̀ sítì ẹ́ńjìnnì, ìyẹn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, á pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, á dórí taya. Wọ́n á fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á máa pa làpálàpá. Ọkọ mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tó ń gbọ̀n kì í sá lọ, ẹni tó ń wá a ni kì í ní sùúrù. Á kọ́kọ́ jẹ́ kí mọ́tò dúró sójú kan, á tẹ̀ ẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ké dáadáa. Tó bá gbọ̀n níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ni. Tí kò bá gbọ̀n, á wà á jáde sí títì. Níbi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí eré, á yọ jíà sí fúríì, á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, kí mọ́tò máa fi eré ara rẹ̀ yí lọ. Tó bá ṣì ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́rùn ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Ó ti di ti taya, tàbí ti sháàfù, ọ̀pá irin gígùn tó gba abẹ́ mọ́tò kọjá lọ yí taya ẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ tó di sítíárì mú ló ń gbọ̀n, iwájú ló máa wá a lọ. Tó bá jẹ́ pé ìdí tó wà lórí ìjókòó ló ń gbọ̀n, ẹ̀yìn ni.

Ọ̀rọ̀ kan ló máa ń sọ fún àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ bá ti dàrú mọ́ lọ́wọ́: "Gbé e kúrò níbẹ̀. Tó bá ṣì ń gbọ̀n, kì í ṣe òun." Mo ti gbọ́ ọ títí tí mo fi ń lò ó fún ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Mi ò lè sọ ìgbà tí ìwà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé tí mo bá pè é láti ilé ìdáná, kì í jẹ́ mi mọ́. Mo ní àárẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan rédíò. Ọkùnrin tí oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ tí rédíò ò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, eruku bò ó. Tí a bá ti pa iná tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, á dákẹ́ bí ẹni tó ti sùn, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé kò sùn, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. Tí ilẹ̀ bá mọ́, á tún wá bi mí ní nǹkan tí mo fi ẹnu ara mi sọ fún un. Ní ibi iṣẹ́, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ ti ògiri, ó fẹ̀yìn tì í, kí ó lè máa rí gbogbo ẹni tó bá wọlé. Mo bi ara mi pé ta ló ń retí. Ẹni tí kò fi nǹkan kan pamọ́, kí ló fẹ́ fi ògiri ṣe?

Tọ́náfíìsì rẹ̀ ló wá dá kún un. Mo lọ mú un lọ́jọ́ kan láti fi tú ìdí ẹ̀rọ mi, mo rí i pé eyín ti jẹ èèkù igi náà yíká. Mo kọ́kọ́ dá èkúté lẹ́bi. Nígbà tí mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀, mo rí i pé eyín ènìyàn ni, èéjí ọkọ mi sì wà níbẹ̀ gbangba, àlàfo kan láàárín méjì. Àgbàlagbà ọkùnrin ń jẹ igi. Ìrònú wo ló lè mú ọkùnrin débi kó máa rún igi lẹ́nu, tí kì í bá ṣe ìrònú obìnrin? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo dá tọ́náfíìsì padà síbi tí mo ti mú un, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn ẹ̀fà.

Kò pẹ́ tí ẹlẹ́yin dé. Obìnrin tó ń kó ẹyin láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sin adìyẹ lọ fún àwọn ilé ìtajà ni. Mọ́tò rẹ̀ jẹ́ èyí àtijọ́, ó gùn, taya ẹ̀yìn ló ń tì í lọ, bùútù rẹ̀ sì tó yàrá. Ó ní ó ń gbọ̀n òun lójú ọ̀nà, ẹyin ń fọ́, àwọn oníbàárà sì ti ń sọ̀rọ̀ sí òun. Àwọn mẹkáníìkì tó ti lọ bá ti pààrọ̀ gbogbo ohun tó ṣeé pààrọ̀ àfi òun fúnra rẹ̀. Etí mi wà lójú fèrèsé. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tó sọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó jábọ́ sábẹ́ ìjókòó: pé tí òun bá ti di ẹyin kún ẹ̀yìn ni ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé tó bá ṣófo, jẹ́jẹ́ bí ẹyẹlé ló ń lọ. Ọkọ mi kò fèsì. Ó ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti ki orí bọ ibẹ̀.

Lọ́fínńdà obìnrin náà dé ọ̀dọ̀ mi níbi tí mo jókòó sí. Ẹyin ló ń tà, kí ló fẹ́ fi lọ́fínńdà ṣe? Ṣé adìyẹ ló fẹ́ kó gbóòórùn rẹ̀ ni? Èyí ì bá sì ṣeé fi ojú fò. Ohun tí kò ṣeé fojú fò ni pé nígbà tó dìde tó bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ lójúkojú, ẹnu rẹ̀ ni ọkọ mi ń wò. Kì í ṣe ojú, kì í ṣe mọ́tò. Ẹnu. Ó tẹjú mọ́ ọn bí ọmọdé ṣe ń wo ẹnu ẹni tó ń jẹun. Láti ìgbà tí irun orí ọkùnrin yìí ti dúdú ni mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí ti wà nílé ọkọ, kò wo ẹnu mi bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n jọ wọ mọ́tò, wọ́n jáde lọ dán an wò, wọ́n padà wá. Kò gbọ̀n. Obìnrin náà lọ, ó padà wá: ó ti tún gbọ̀n, ẹyin ti tún fọ́. Wọ́n tún jọ jáde, kò tún gbọ̀n. Bó ṣe di àṣà wọn nìyẹn. Irú mọ́tò wo ni kì í gbọ̀n tí ènìyàn méjì bá jọ wà nínú rẹ̀, àfi tí ẹlẹ́yin bá dá wà á? Fọganáísà fi taya sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, Màmá, ó jọ pé mọ́tò yìí fẹ́ràn ọ̀gá wa o. Ojú tí mo fi wò ó, kò jẹ́ kó parí ẹ̀rín rẹ̀, ó sáré padà sídìí páǹpù.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo lọ ra òwú létí títì, ni mọ́tò ẹlẹ́yin bá kọjá níwájú mi. Ọkọ mi ló ń wà á, ẹlẹ́yin jókòó tì í. Tírélà kan wà lẹ́yìn wọn tó ń fun fèrè bí ẹni pé ayé fẹ́ parẹ́, ọkọ mi kò mira. Mo ní ẹ wò wọ́n, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ti di àwọn wọ̀nyí létí. Ìgbà yẹn ni obìnrin náà gbé ọwọ́ lé èjìká ọkọ mi, ó rọra gbá a pẹ́. Ọkọ mi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tírélà kọjá. Òwú jábọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò bẹ̀rẹ̀ mú un.

Ẹni bá máa fẹ̀sùn kan ọkọ ẹ̀, kó rí i dájú. Èmi náà lo òfin Elétí Ehoro fún Elétí Ehoro. Ọmọ ẹlẹ́yin bímọ, ẹlẹ́yin lọ tọ́jú rẹ̀, a ò rí i fúngbà díẹ̀. Mo ní ó dára, wọ́n ti gbé e kúrò níbẹ̀ nìyẹn, ẹ jẹ́ ká wò ó. Mo pe ọkọ mi láti ilé ìdáná, kò jẹ́. Mo bá a sọ̀rọ̀ lórí ibùsùn, kò fèsì. Gẹ́gẹ́ bí òfin òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹlẹ́yin nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìfura bá ti jókòó sí lọ́kàn, òfin wo ló fẹ́ gbọ́? Mo ní ó ní láti jẹ́ pé wọ́n pé méjì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹlẹ́yin padà dé ni mo bi í. Mo ń fọ abọ́, mi ò yíjú, nítorí mi ò fẹ́ kó rí omi tó wà lójú mi. Ó wọlé wá gbé ife rẹ̀. Mo ní, "Ṣé obìnrin míì ti wà lọ́kàn yín ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó gbé ife rẹ̀, ó jáde. Kò gbé ohùn sókè, kò bínú, kò bẹ̀bẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, omi ń ṣàn lórí abọ́ tó ti mọ́ tipẹ́. Ó dùn mí wọ egungun. Mo ti múra sílẹ̀ fún irọ́, mi ò múra sílẹ̀ fún bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo pinnu láti lọ, mi ò sì ní padà. Gáráàjì tí ọkọ̀ ìlú ìyá mi wà, ọ̀nà tí ọkọ mi máa ń gbà dán mọ́tò wò náà ló wà. Ní ọjọ́ kejì, ẹlẹ́yin gbé mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun ní ibi tí òun ń lọ, kí ọkọ mi bá òun tún un wò. Mo lọ dúró níwájú ọkọ mi, mo ní èmi ni màá tẹ̀ lé e jáde lónìí. Inú rẹ̀ dùn, ó hàn lójú rẹ̀. Mo ní, ẹlẹ́tàn. Nígbà tó ń fọ ọwọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, mo ṣí bùútù, mo kó ẹrù mi sí i: àpótí aṣọ mi, báàgì méjì, àwọn aṣọ tí mi ò tíì rán, àti orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, tí fọganáísà bá mi gbé tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò bi mí ní nǹkan kan. Mo pa bùútù dé gbàgà. Ọkọ mi kò wẹ̀yìn.

Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí bí ọ̀gá obìnrin, nítorí lọ́fínńdà ẹlẹ́yin wà lára ìjókòó iwájú. A bọ́ sí títì. Ohun tí mo ti ń rò láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà sí i lẹ́yìn. Mo sọ fún un pé mo mọ gbogbo rẹ̀, pé mo rí ọwọ́ obìnrin náà lórí èjìká rẹ̀. Mo sọ ohun tí ojú mi rí nílé ìyá rẹ̀ nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun. Mo sọ èyí tí ìyàwó kì í sọ sí ọkọ. Mo wá ní, "Tí a bá dé gáráàjì, ẹ sọ̀ mí kalẹ̀. Mo ti kó ẹrù mi. Mi ò ní padà wá mọ́." Ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ohùn tèmi balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò fọ́.

Mọ́tò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìdí mi, ó gba ẹ̀yìn mi gòkè, eyín mi ń kan ara wọn. Ọkọ mi yọ jíà sí fúríì, ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, ó ṣì ń gbọ̀n. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó dé," ó ní. "Ó dé wàyí. Ṣé o rí i, ẹ̀yìn ni."

Mo ti sọ fún ọkùnrin pé mò ń fi í sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín nítorí mọ́tò. Mo fẹ́ la ẹnu láti gbé e ṣépè, ni fèrè tírélà bá dún lẹ́yìn wa. Ó tún dún. Mo wẹ̀yìn, iwájú tírélà náà kún gbogbo dígí. Mo kígbe pé yà fún un. Ọkọ mi ń wo títì, orí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, ó ń fi ara gbọ́ mọ́tò. Mo kígbe orúkọ rẹ̀, èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Kò gbọ́. Mo nawọ́, mo gbá a léjìká.

Wẹ́rẹ́ ló yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò bi mí pé kí ló dé, kò tilẹ̀ ta gìrì. Ó yà bí ẹni tí wọ́n ti ń gbá léjìká tipẹ́, tó sì ti mọ ohun tó túmọ̀ sí. Tírélà kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ mi mọ́tò. Ọwọ́ mi ṣì wà lórí èjìká rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ẹlẹ́yin wà lọ́jọ́ tí mo ra òwú.

Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò jìnnà sí gáráàjì. A ń rí àwọn ọkọ̀ tó tò, a ń rí àwọn tó ń pe èrò. Ó bi mí láìyíjú pé kí ló wà nínú bùútù, nítorí ẹ̀yìn mọ́tò wálẹ̀, ìgbà tí ẹ̀yìn ò wálẹ̀ kò gbọ̀n. Mo dá a lóhùn, mo tún rántí pé kò gbọ́ igbe mi, mo dákẹ́. Ó bọ́ọ́lẹ̀ lọ ṣí i.

Nígbà tí mo bá a níbẹ̀, ó dúró, ó ń wo orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí obìnrin bá kó aṣọ rẹ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ rẹ̀. Mo lọ dúró síwájú rẹ̀ tààrà. Mi ò gbé ohùn jáde rárá, ètè mi nìkan ló ń mì. Mo ní, "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń rí ọ," ó ní.

Ojú mi là. Rédíò, ògiri, iná tó kú, abọ́ tí mò ń fọ tí mo kẹ́yìn sí i, tó fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni sí ohun tí kò gbọ́. Igi tó wà lẹ́nu rẹ̀: nígbà tí etí kò gbọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́, ó fi eyín di èèkù tọ́náfíìsì mú, kí egungun ẹnu lè bá a gbọ́ ọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fi ń bú u lẹ́yìn, gbogbo èyí tí mo ń sọ jẹ́jẹ́ fún un nínú òkùnkùn, kò sí èyí tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ojú tì mí. Àmọ́ inú bí mi ju ìgbà tí mo rò pé obìnrin ni lọ. Mo bi í pé ṣé ẹlẹ́yin mọ̀. Ó ní ó mọ̀, pé ọjọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn jáde ni lọ́rì fẹ́rẹ̀ẹ́ gun àwọn lórí, pé òun bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní, àlejò mọ̀, èmi ò mọ̀.

"Tí ẹlẹ́yin bá torí ẹ̀ lọ, mọ́tò kan ló lọ," ó ní. "Tí ìwọ bá lọ ńkọ́?" Ó wo ẹrù mi.

Mo sọ èyí tí mo mọ̀. Mo fi ẹnu tó là dáadáa sọ fún un pé ẹlẹ́yin ti wí i lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀: tó bá kún ni ó ń gbọ̀n, tó bá ṣófo kì í gbọ̀n. Lófìfo ni wọ́n sì ń dán an wò látìgbà yìí wá, nítorí ta ni yóò kó ẹyin wá sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì? Ó tẹjú mọ́ ẹnu mi bó ṣe tẹjú mọ́ ti obìnrin náà. Lẹ́yìn náà ni ojú iṣẹ́ rẹ̀ padà dé. Ó ní ibi tí sháàfù ti so pọ̀ ni, tí ẹ̀yìn bá wálẹ̀ ó ń tẹ̀ jù, oríkèé rẹ̀ ti gan. Ṣùgbọ́n kò ní gbà bẹ́ẹ̀ láìdán an wò. Ó ní àfi kí òun gbé ẹrù náà kúrò níbẹ̀.

Ó kó ẹrù mi sílẹ̀ létí títì, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lé orí àpótí kí eruku má bàa wọ̀ ọ́. Ó ní kí n dúró, òun ń lọ òun ń bọ̀. Ẹnu rẹ̀ tún yà bíi pé ó kù, ó pa á dé, ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Èmi àti ẹrù mi ló kù. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń pe èrò rí mi, ó sáré wá, ó ní, Màmá, ènìyàn kan péré ló kù kó gbéra. Ìlú ìyá mi gan-an ló ń pè. Ó ti gbé báàgì kan, ó ti ń lọ. Mo tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀ mélòó kan. Mo wá wo títì, mo rí tírélà lẹ́yìn tírélà, gbogbo wọn ń fun fèrè, ọkọ mi wà láàárín wọn, kò sí ẹnì kankan tó jókòó tì í. Ẹ̀rù bà mí. Mo gba báàgì mi padà. Ọkùnrin náà pòṣé, ó ní kí n má fi àsìkò òun ṣòfò, mo ní kó máa bá tiẹ̀ lọ.

Ó pẹ́ kó tó padà. Nígbà tí mo rí mọ́tò náà lókèèrè, ó ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Ó dúró wọ́gọwọ̀gọ létí kòtò, ó pa ẹ́ńjìnnì. Kò bọ́ọ́lẹ̀. Mo lọ bá a lójú fèrèsé.

"Kò gbọ̀n," ó ní. "Kò gbọ̀n rárá."

Ẹ́ńjìnnì ti kú. Mọ́tò dúró. Bùútù ṣófo. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí sítíárì, wọ́n ń gbọ̀n.

Mo sún mọ́ ọn kó lè rí ẹnu mi dáadáa. "Ẹ ò tíì parí ẹ̀," mo ní. "Ẹ kó ẹrù yẹn padà síbẹ̀, ká wò ó bóyá á tún gbọ̀n."

Ó sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló kọ́kọ́ gbé. Mo yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Ìjókòó náà ṣì ń rùn lọ́fínńdà. Mo jókòó sí i. Nígbà tí ọkọ mi padà sídìí sítíárì, mo gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀ kí ó tó bọ́ sí títì.